De Gaulle: Ọ̀gágun Tó Gba Ìdájọ́ Aráàlú
Ẹ jẹ́ ká yẹ ìtàn Charles de Gaulle, ọ̀gágun ilẹ̀ Faransé, wò. Nígbà tí Jámánì ṣẹ́gun Faransé lọ́dún 1940, orí rédíò BBC ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti ké sí àwọn èèyàn rẹ̀ pé ogun kò tíì tán. Lọ́dún 1958, ó padà sórí àléfà, ó sì mú òfin tuntun wá tó fún ààrẹ lágbára ńlá. Lójú tiwa, agbára náà pọ̀ jù fún ẹnì kan. Síbẹ̀, nígbà tí aráàlú dìbò tako àbá rẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 1969, ọjọ́ kejì ló fipò sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fáwọn ológun tó ń ṣèjọba ní Áfíríkà lónìí: aráàlú ló ni àṣẹ.