Ẹ má fi gíga nìkan yan ọmọ fún bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá

Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó, ẹ dákun, bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá tí ẹni méje-méje ń jù sáwọ̀n kì í ṣe eré àwọn tó ga fíofío nìkan.

Lóòótọ́, àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ tó lókìkí sábà máa ń ga, ọwọ́ wọn sì máa ń le. Àmọ́ ọmọ ọdún 14 tó tètè bàlágà lè fi orí kan ga ju ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Tó bá di ọdún 18, ọ̀rẹ́ náà lè ti bá a dọ́gba. Ta ni yóò wá lọ pè é lóko?

Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ti àgbà ọkùnrin jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 58 sí 60 yíká. Ti ọmọkùnrin ọdún 12 sí 16 jẹ́ 54 sí 56. Ẹ gbé ti àgbà fún ọmọdé, kò rí i dì mú, ẹ ní kò mọ̀ ọ́n gbá. Ṣé ẹjọ́ ọmọ ni?

Nàìjíríà kópa nínú ìdíje àgbáyé ní Íjíbítì lọ́dún 1999. Kí ọmọ Èkìtì náà lè dé irú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó sáré, kó fò, kó ju bọ́ọ̀lù tó bá a mu, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ń rí ẹnìkejì rẹ̀ tó wà láàyè kó tó jù ú. Ẹ tún pe àwọn tí ẹ ti lé padà wá.