Bí Ọmọ Kò Bá Tètè Sọ̀rọ̀

Bí ọmọ bá pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó ní sùúrù. Òótọ́ ni pé ọmọ kan a máa tètè sọ̀rọ̀ ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n sùúrù ní ìwọ̀n.

Ọmọ ọdún 1 yẹ kí ó máa yíjú bí a bá pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 2 yẹ kí ó lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bí i “Omi tán”. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, etí ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kò lè sọ ọ́. Etí tí ń ṣọyún àti àrùn méningite lè ba ìgbọ́ràn jẹ́. Bí a kò bá tètè mọ̀, ọmọ náà yóò dé ilé-ẹ̀kọ́, wọn a sì máa pè é ní olódo.

Ní Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, Yorùbá ni èdè ilé fún ọ̀pọ̀ ìdílé, Faransé ni ti ilé-ẹ̀kọ́. Èdè méjì kì í dí ọmọ lẹ́nu. Kí òbí má ṣe pa Yorùbá tì. Èdè tí ó gbọ́ dáadáa ni kí ó fi máa bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Oníṣègùn ọ̀rọ̀ sísọ, tí a ń pè ní orthophoniste, kò pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Lómé ń kọ́ wọn. Nítorí náà, kí òbí kọ́kọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò, kí ó sì bèèrè ìwé tí yóò mú lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.