Asẹ́ Tóóró Kò Gba Àgọ́ Ata Là

Ata rodo kì í fara da òtútù. Ẹni tó bá gbìn ín síta nílùú Lọ́ńdọ́nù, bí yìnyín bá ti bọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kó gbàgbé rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fẹ́ já ata tútù sọ́bẹ̀ ní oṣù Kejìlá, nígbà tí ojúmọmọ kì í ju bíi wákàtí 8 lọ, fi ń pàgọ́ fún un sínú yàrá: aṣọ dúdú lóde, ohun tó ń dán bíi díńgí nínú, iná lókè, fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde, àti ihò kan nísàlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà wọlé. Wọ́n á náwó sórí iná, wọ́n á náwó sórí fáànù. Ihò ìsàlẹ̀ yẹn ni wọn kì í náwó lé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀tá ń gbà wọlé.

Inú yàrá ni àgọ́ ti ń fa afẹ́fẹ́, níbi tí òdòdó inú ìkòkò wà lójú fèrèsé, tí eruku sì ń fò. Kòkòrò funfun tó rọra jókòó sábẹ́ ewé òdòdó yẹn kò gùn ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ. Bó bá fò sún mọ́ ihò, fáànù fúnra rẹ̀ ló máa gbé e wọlé. Nínú àgọ́, kò sí òjò tó máa fọ̀ ọ́ dànù, kò sí kòkòrò mìíràn tó máa pa á jẹ. Òmíràn tún wà, bíńtín ni, tó máa ń ta okùn yí ewé ká bí aláǹtakùn. Bí ooru bá tó 27°C, bí ọ̀sẹ̀ kan ni ẹyin rẹ̀ fi ń di ìyá tó ń yé ẹyin tirẹ̀. Ẹni tó bá rí okùn yẹn lónìí ti pẹ́.

Asẹ́ ni àtúnṣe rẹ̀. Irú asẹ́ wo? Ìyá tó ń ṣe oúnjẹ kì í béèrè ìbéèrè yìí: ajọ̀ ló fi ń jọ gàrí, kọ̀ǹkọ̀sọ̀ ló fi ń ku èlùbọ́, aṣọ ló fi ń sẹ́ ògì. Ohun tó fẹ́ dá dúró ló ń sọ bí ojú asẹ́ ṣe máa tó. Nẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ kò ju mìlímítà 0.24 lọ yóò dá kòkòrò funfun dúró. Kòkòrò mìíràn tí wọ́n ń pè ní thrips tẹ́ẹ́rẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ihò tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 0.19 lọ. Hóró èbu funfun tó máa ń bo ewé bí ìyẹ̀fun tún kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà, nẹ́ẹ̀tì kò lè mú un, àfi asẹ́ olówùú bí irú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní HEPA ń mú ohun tó tún kéré ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po 100. Ẹni tó fi HEPA sẹ́nu àgọ́ ata ń fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ jọ gàrí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á wá asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò tóóró, wọ́n á ní ó parí. Fáànù òkè kò ní torí ìyẹn dẹ́kun àtifà. Bí ẹnu kan bá há, yóò gba ibòmíràn mí: ojú síìpù, ojú rírán, ihò tí wáyà iná gbà kọjá. Ara àgọ́ á wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń fa ọsàn mu. Kí wọ́n mú bébà ìnujú fẹ́lẹ́ kan sún mọ́ síìpù. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, asẹ́ ti di ọ̀ṣọ́ lásán, afẹ́fẹ́ tí kò gba inú rẹ̀ kọjá ló ń wọlé.

Kí asẹ́ fẹ̀ ju ihò lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó kéré tán. Kí wọ́n rán an bí àpò, tàbí kí wọ́n kàn án mọ́ férémù igi. Ẹlòmíràn á kúkú gbé fáànù sí ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀, kó máa ti afẹ́fẹ́ gba inú asẹ́ wọlé. Nígbà náà, bí síìpù bá jò, ìta ló ń jò sí.

Àwọn kan á jiyàn pé inú ilẹ̀ tí wọ́n rà àti ara irúgbìn tí ọ̀rẹ́ fúnni ni kòkòrò ti ń wá. Òótọ́ ni, pàápàá nípa èyí tó ń ta okùn, nítorí kò ní ìyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí olè gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ wọlé kì í tìtorí ìyẹn ṣí ilẹ̀kùn iwájú sílẹ̀ sùn. Asẹ́ eléèédú tí àwọn kan ń fi sẹ́nu fáànù òkè kò sì lè rọ́pò ti ìsàlẹ̀: òórùn ló ń gbà, kòkòrò tó ti wọlé kò kàn án.

Kí wọ́n máa wo asẹ́ lóṣooṣù, kí wọ́n fọ èyí tó ṣeé fọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ èyí tí kò ṣeé fọ̀. Ẹni tó bá ka èyí sí wàhálà, oògùn kòkòrò ló kù fún un, nínú ilé tí ọmọ ń sùn. Ata tí wọ́n fín lóògùn láàárọ̀ kì í ṣe ata tí wọ́n ń já sọ́bẹ̀ lálẹ́.