Áńpù Onítúùbù Ni Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Gìtá Fi Kọ́ Ọwọ́

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwa tí a ń ta gìtá: ṣé áńpù onítúùbù ni kí ènìyàn náwó lé, tàbí áńpù oníkọ̀ǹpútà tí ó ń sín in jẹ? Èrò tèmi kò fara sin. Ẹni tí ó bá ń kọ́ gìtá lọ́wọ́, tí agbára rẹ̀ sì ká a, onítúùbù ni kí ó rà, ì báà tilẹ̀ kéré.

Túùbù tí mo ń wí yìí, ìgò kékeré ni, tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Òun ló wà nínú rédíò àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí rédíò wọ̀nyẹn fi máa ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fọhùn, túùbù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná. Bí o bá rọra ta okùn gìtá, ohùn á mọ́ gaara. Bí o bá fi agbára ta á, túùbù kò ní lè gbé gbogbo rẹ̀, ohùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í há díẹ̀díẹ̀, bí ohùn olórin tí orin ti wọ̀ lára.

Kọ̀ǹpútà ni áńpù asínjẹ. Ó ń sọ ohùn gìtá di nọ́ńbà, ó sì ń fi ìṣirò ṣe ohun tí túùbù ì bá ṣe. Line 6 ti Amẹ́ríkà gbé POD jáde ní 1998. Kemper ti Jámánì gbé tirẹ̀ dé ní 2011, èyí tí ó máa ń fetí sí ojúlówó áńpù kí ó tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Wọ́n dára, n kò ní purọ́. Ẹni tí ó jókòó tí ó ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù lè má mọ èyí tí a lò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ ni mo ń bá wí, kì í ṣe ẹni tí ń gbọ́.

Ẹ wo gángan. Ohùn rẹ̀ wà nínú kíbọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìka kan ni wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́, á sì dún. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pe atẹkíbọ́ọ̀dù ní àyàn. Ibi tí apá ti ń fún ọsán mọ́ra, tí kọ̀ǹgọ́ sì ń bá awọ sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ àyàn wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni áńpù onítúùbù: apá kan lára gìtá ni. Bọ́tìnnì mẹ́ta péré lè wà lórí rẹ̀. Bí ohùn kò bá dára, ìka rẹ ni kí o bi. Asínjẹ ní ohùn rẹpẹtẹ nínú, akẹ́kọ̀ọ́ á sì fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ṣa ohùn, ọwọ́ rẹ̀ kò ní kọ́ nǹkan kan.

Ìdí kejì ni pé onítúùbù ṣeé tú wò. Ní 1962, Jim Marshall, onílù tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin ní Hanwell, London, pẹ̀lú Ken Bran tí ń bá a tún nǹkan ṣe àti ọ̀dọ́ kan, Dudley Craven, wo Fender Bassman ti Amẹ́ríkà fínnífínní, wọ́n sì kan JTM45 tiwọn. Nítorí pé wọ́n lo àwọn èròjà kan tí wọ́n rí nílé, ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Láti ibẹ̀ ni ohùn Marshall tí Jimi Hendrix gbé káàkiri ti ṣẹ̀. Ta ni yóò tú kọ̀ǹpútà inú asínjẹ kí ó rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́?

Mo mọ ohun tí ẹ óò sọ. Túùbù wúwo, ó ń jẹ iná, ó sì máa ń gbó. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lóru, asínjẹ tí a fi ohun àfetígbọ́ lò kò ní jẹ́ kí aládùúgbò bínú. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lọ síbi eré lórí ọ̀kadà, kí ó gbé asínjẹ lọ. Ṣùgbọ́n onítúùbù wáàtì 5 tó fún yàrá, wáàtì 15 sì lè bá onílù ṣeré. Túùbù tí ó bá kú, yíyọ ni à ń yọ ọ́ kí á fi òmíràn sí i.

Ẹ kàn ṣọ́ra. Èyí tí wọ́n ṣe fún iná fóótì 120 ti Amẹ́ríkà yóò jó bí ẹ bá kì í bọ iná tiwa láìsí tiransifọ́mà tí ń dín iná kù. Ẹ má sì tú u fúnra yín láìmọ̀ ọ́n: iná tí ó lè pa ènìyàn lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti pa á.

Bí ẹ̀ka wa bá fẹ́ ra áńpù, kí wọ́n ra kékeré kan tí ó jẹ́ ojúlówó sí yàrá ìdánrawò. Ẹni tí kò gbọ́ ojúlówó rí, kí ni yóò fi díwọ̀n ẹ̀dà?