Ìdájọ́ Tí Wọ́n Fi Hàn Yín, Ṣé Ẹ Ti Kà Á?

Ẹni tó bá ti wá ilẹ̀ rà rí ní Ìkòròdú tàbí ní Mọ̀wé yóò ti gbọ́ ọ: “Kóòtù ti dá a fún wa.” Ẹni tó ń sọ ọ́ á fa ìwé kan yọ nínú báàgì, fọ́tókọ́pì tí lẹ́tà rẹ̀ ti ṣá, ojú ewé àkọ́kọ́ àti ti ìparí nìkan. Á fi ìka tọ́ ibi tí orúkọ ìdílé wọn wà, á sì ká a padà kí ẹ tó ka ìlà mẹ́ta. Owó á lọ. Nígbà tí ẹ bá ti bu ìpìlẹ̀ tán, ìdílé kejì á dé, àwọn náà á mú ìdájọ́ tiwọn lọ́wọ́.

Mi ò sọ pé irọ́ ni gbogbo ìwé bẹ́ẹ̀. Òótọ́ wà nínú àwọn mìíràn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀yin fúnra yín lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, kí ẹ tó sanwó, tí ẹ bá lọ síbi tí ìwé náà ti wá.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé àṣírí adájọ́, lọ́yà àti àwọn tó ń jà ni ìdájọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 36 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní gbangba ni kí kóòtù ti máa gbọ́ ẹjọ́, gbangba náà ni kí wọ́n ti máa ka ìdájọ́, àfi níbi díẹ̀, bíi tìgbà tí ó bá yẹ kí wọ́n dáàbò bo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Abala 294 fún adájọ́ ní 90 ọjọ́, lẹ́yìn tí lọ́yà tọ̀tún-tòsì bá ti sọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn, láti fi ìdájọ́ rẹ̀ sórí ìwé kí ó sì kà á. Láàárín ọjọ́ 7 lẹ́yìn náà, ó yẹ kí ẹ̀dà rẹ̀ ti dé ọwọ́ gbogbo àwọn tó ni ẹjọ́. Nítorí náà, bí ìdílé kan bá sọ pé àwọn ti jàre láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ṣùgbọ́n ẹ̀dà odindi kò sí lọ́wọ́ àwọn, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiwọn.

Ìwé tí ẹ fẹ́ ni èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní CTC, ẹ̀dà tí òṣìṣẹ́ kóòtù fọwọ́ sí pé òun fi wé ojúlówó, ó sì bá a mu. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 104, sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ rí: lábẹ́ ìwé náà ni òṣìṣẹ́ á kọ ọ́ sí pé ẹ̀dà tòótọ́ ni, á kọ ọjọ́, orúkọ rẹ̀ àti ipò rẹ̀, á fọwọ́ sí i, á sì lu òǹtẹ̀. Ẹ wo òǹtẹ̀ náà dáadáa. Bó bá jẹ́ pé inú fọ́tókọ́pì ni òǹtẹ̀ ti wá, tí yíǹkì tútù kankan kò kan bébà, àwòrán CTC lẹ mú dání.

Kí ẹ tó rí i gbà, nọ́ńbà ẹjọ́ ni kọ́kọ́rọ́. Nọ́ńbà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ID, ti Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìkẹjà ni. LD jẹ́ ti Erékùṣù Èkó. CA/L jẹ́ ti Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Èkó. Ẹni tó bá ń pe orúkọ adájọ́ bí ẹni ń ki oríkì ṣùgbọ́n tí kò mọ nọ́ńbà ẹjọ́ kò tíì bá yín sọ nǹkan kan. Bí nọ́ńbà bá ti wà, ẹ kọ lẹ́tà sí rẹjísírà kóòtù náà: orúkọ olùpẹ̀jọ́, orúkọ olùjẹ́jọ́, nọ́ńbà, ọjọ́ ìdájọ́, àti pé ẹ fẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n jẹ́rìí sí. Ẹ san owó tí wọ́n bá là sílẹ̀, kí ẹ gba rìsíìtì.

N ò ní tàn yín pé ìrìn kan ṣoṣo ni. Ẹ lè dé rẹ́jísírì kí wọ́n ní fáìlì ti lọ sí yàrá ìkówèésí, kí ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni arákùnrin kan tó jókòó sábẹ́ igi máa ń yọjú, tó ní òun á bá yín ṣe é kíákíá. Ẹ má dá a lóhùn. Bí kò bá sí ẹni tó dá yín lóhùn nínú, Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 wà: kò pọn dandan kí ẹni tó béèrè sọ ìdí tó fi fẹ́ ìwé, ọjọ́ 7 sì ni iléeṣẹ́ ìjọba ní láti fèsì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin yìí de àwọn ìpínlẹ̀ náà, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ nìkan.

Ìdájọ́ ti wá dé ọwọ́ yín wàyí. Ẹ ka gbogbo rẹ̀, tàbí kí ẹ fún lọ́yà tiyín kà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ojú ewé ìparí nìkan, ẹnìkan náà ni. Ta ló pe ta lẹ́jọ́? Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ìdájọ́ kì í de ìdílé kẹta tí kò sí nínú ẹjọ́, tí kò sì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ wo ni wọ́n jà lé? Orúkọ abúlé kan lè bo ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́ọ̀tì. Ìwé súfè tí kóòtù wò ni kí súfeyọ̀ yín fi wé èyí tí wọ́n ń tà fún yín.

Ibi tó ti ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣubú nìyí. Ìdílé A pe ìdílé B lẹ́jọ́ pé àwọn ló ni ilẹ̀. Adájọ́ ní A kò mú ẹ̀rí tó tó wá, ó wọ́gi lé ẹjọ́ náà. Ìdílé B lu ìlù, wọ́n jó, ó di “kóòtù ti dá a fún wa.” Rárá o. Ohun tí adájọ́ sọ ni pé A kò fi hàn pé tirẹ̀ ni. Bí B kò bá gbé ìpẹ̀jọ́ tirẹ̀ dìde nínú ẹjọ́ kan náà kí adájọ́ sì gbà á fún un, kò sí ẹni tó sọ ọ́ di onílẹ̀. Ìdájọ́ òdodo, òǹtẹ̀ òdodo, síbẹ̀ ilẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá sì rí i pé ìdílé tó ń tà fún yín jàre lóòótọ́, ẹ wo ọjọ́ ìdájọ́ náà. Oṣù mẹ́ta ni òfin fún ẹni tí ìdájọ́ ìkẹyìn Ilé Ẹjọ́ Gíga kò tẹ́ lọ́rùn láti gbé ẹjọ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sókè, ó sì tún lè bẹ̀bẹ̀ fún àfikún àsìkò. Nítorí náà ẹ dé rẹ́jísírì Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pẹ̀lú.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló nílò ìrìn. Ìkànnì NigeriaLII ń gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdájọ́ síta lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́yà Gani Fawehinmi ló dá ìwé ìdájọ́ Nigerian Weekly Law Reports sílẹ̀ ní 1985. Owó ni wọ́n fi ń rà á, ṣùgbọ́n ó wà ní ilé ìkàwé àwọn yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ òfin. Àní ẹjọ́ Olúwa ti Èkó, Olóyè Àmọ́dù Tìjání, tí òun àti Herbert Macaulay torí rẹ̀ wọkọ̀ òkun lọ sí London ní 1920, ẹnikẹ́ni lè kà á lórí fóònù lónìí ní ìkànnì BAILII. Ní 1921, Ìgbìmọ̀ Ọba (Privy Council) sọ níbẹ̀ pé ará ìlú ló ni ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà, kí wọ́n sì fi ojú onílẹ̀ san owó fún wọn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sì fara pamọ́.

Àǹfààní rẹ̀ kò mọ sórí ríra ilẹ̀. Àwọn ọmọ olóògbé tó ń jà lórí ìdí-igi (pípín ogún ní ìyá-ìyá) àti orí-ò-jorí (pípín in ní orí ọmọ kọ̀ọ̀kan) ń yọ ara wọn lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ tí kóòtù ti là sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Danmọ́lé, tó dé London ní 1962: ìdí-igi ni àṣà Yorùbá tó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí bí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Kí wọ́n kà á ná kí wọ́n tó gbé ẹ̀gbọ́n wọn lọ sí kóòtù.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Peckham tàbí Houston tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sílé, lọ́yà tí onílẹ̀ bá yín wá kọ́ ni kí ẹ rán lọ sí rẹ́jísírì. Ẹ yan tiyín. Kí ó fi rìsíìtì kóòtù àti CTC, gbogbo ojú ewé rẹ̀, ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ sì kà á kí kọ́bọ̀ tó kúrò ní báńkì.