GNOME: Fífi Nǹkan Pamọ́ Kọ́ Ni Ìmọ́tótó

Bí ènìyàn bá kó ìkòkò, ọbẹ àti omorogùn lọ sókè àjà kí ilé ìdáná lè mọ́ tónítóní, yóò wu àlejò. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò se oúnjẹ ni yóò máa gun àkàbà lójoojúmọ́.

Ohun tí àwọn olùṣe GNOME ṣe ní oṣù kẹrin ọdún 2011 nìyí. GNOME, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1997, ni ojú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux fi ń pàdé ẹni tí ń lò wọ́n. Nígbà tí ẹ̀dà kẹta jáde, bọ́tìnnì tí ń gbé fèrèsé sápá kan àti èyí tí ń fẹ̀ ẹ́ ti pòórá. Èyí tí ń pa á dé nìkan ló ṣẹ́kù. Èyí tó burú jù ni ti pípa kọ̀ǹpútà. Àṣẹ pé kí ẹ̀rọ sùn ló hàn síta. Àfi bí ènìyàn bá tẹ Alt mọ́lẹ̀ kí àṣẹ pé kí ó kú tó yọjú. Ta ló sọ fún ẹni tí kò mọ̀? Níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ láìdágbére, bí i Nàìjíríà, kọ̀ǹpútà aláìní bátìrì tó ń sùn lásán lè pàdánù iṣẹ́ tí olówó rẹ̀ kò tíì fi pamọ́. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ni wọ́n dá àṣẹ náà padà síta.

Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, bu ẹnu àtẹ́ lù ú ní gbangba lọ́dún náà, ó sì kó lọ sí Xfce fúngbà díẹ̀. Àwọn mìíràn sọ GNOME àtijọ́ jí, wọ́n pè é ní MATE. Síbẹ̀, ní 2018, ẹ̀dà 3.28 tún gbá àmì fáìlì kúrò lójú iṣẹ́.

Àwọn olùgbèjà rẹ̀ ní àwíjàre tí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí ohun tó wà lójú bá pọ̀ jù, ọkàn a pínyà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò a tẹ Super, a kọ orúkọ ohun tó ń wá, a sì débẹ̀ kí ẹni tó di máòsì mú tó gbéra. Kóòdù tí kò sí kò nílò àtúnṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹrù náà kò pòórá, èjìká ló pààrọ̀. Ohun tí wọ́n mú kúrò lójú, inú orí ẹni tí ń lò ó ni wọ́n gbé e sí, òun ni yóò sì máa rántí.

Ẹ̀rí wà nílẹ̀. Nígbà tí Ubuntu padà sí GNOME ní 2017, ó to àmì sápá òsì pátápátá, ó sì dá bọ́tìnnì fèrèsé padà. Ẹni tó ń pín nǹkan fún ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún àwọn yòókù ni pé kí wọ́n wá àfikún lò. Ṣùgbọ́n nígbà tí GNOME 45 dé ní 2023, dandan ni kí àwọn tó ṣe àfikún wọ̀nyí ṣe àtúnṣe sí gbogbo wọn kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́.

Kí àwọn olùṣe GNOME fi ìwọ̀nba ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò lójoojúmọ́ sí ìta. Ẹni tó bá fẹ́ ojú òfìfo, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá a. Ilé tí onílé ti ń béèrè ọ̀nà, àlejò ni wọ́n kọ́ ọ fún.