Ọkọ Ìyàwó dé Amẹ́ríkà, àwa ń dáwó ra kẹ́míkà

Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀.

Bọ̀dá kan ládùúgbò wa ní Ọlọ́runṣògo níbí bi mí pé kí ni mo kọ́ ní máásítà. Mo ní iṣẹ́ DNA inú irúgbìn ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ni pé ewé lo lọ ń wò látọdún yìí wá?" Ẹ̀bà ló wà níwájú ẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́ o.

Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ n sọ ìtàn ẹ̀bà yẹn fún yín.

Àrùn kan ń bá ẹ̀gẹ́ jà tí wọ́n ń pè ní mosaic. Kòkòrò funfun kékeré kan tó ń fò ló ń gbé e kiri. Ewé á ká kò, á pọ́n lábala lábala. Ẹ bá fa igi ẹ̀ tu, ohun tó wà nísàlẹ̀ ò ní ju ìka ọwọ́ lọ. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, ó ba oko ẹ̀gẹ́ jẹ́ ní Uganda débi pé ebi wọ̀lú.

Àmọ́ àwọn ẹ̀gẹ́ kan wà lóko àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà tí àrùn yìí kì í rí gbé ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọkọ Ìyàwó. Àgbẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ, IITA tó ti wà n'Ìbàdàn láti 1967 kàn fi nọ́ńbà lé e ni: TME 7. TME 3 náà, oko àgbẹ̀ wa ló ti wá. Lára TME 3 yìí ni Martin Fregene, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ní CIAT ní Kòlóńbíà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti tọ́ka sí ibi tí agbára yẹn fara pamọ́ sí nínú DNA. Ọdún 2002 nìyẹn. Ní 2021, wọ́n ka DNA Ọkọ Ìyàwó látòkèdélẹ̀. Níbo? Danforth Center ní St. Louis, l'Amẹ́ríkà.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ o, mi ò sọ pé òyìnbó jí i. Gbangba ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí, ẹni tó bá ní dátà lè wà á sílẹ̀ lálẹ́ òní. Ìbéèrè tèmi ni pé ta ni wọ́n gbà láyè láti ṣe é?

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, èmi ni mo fowó ara mi ra primer, èmi ni mo ra kẹ́míkà, dọ́là sì ni wọ́n ń fi tà á. Oṣù mẹ́rin ni mo fi retí primer. Ọjọ́ tó dé, mo jó. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, iná lọ fọ́jọ́ mẹ́ta, kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, gbogbo enzyme mi bàjẹ́ sínú fìríísà. Ọ̀gá tó ń tọ́ mi sọ́nà ò jẹ̀bi, owó oṣù tiwọn náà ni wọ́n fi ń repo.

Ẹ máa ń sọ pé mo mọ àlàyé ṣe nínú fídíò. Ẹ ṣé. Láàbù ló yẹ kí n wà.

IITA ní láàbù tó dáa, àmọ́ kò lè gba gbogbo wa. TETFund ń fún olùkọ́ lówó ìwádìí. Kí wọ́n kọ ọ́ síwèé pé kẹ́míkà akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọdọ̀ tápò akẹ́kọ̀ọ́ jáde mọ́. Kí wọ́n kọ́ láàbù kan ṣoṣo, tó ní sólà àti fìríísà tí kì í kú, fún gbogbo yunifásítì tó wà lágbègbè yìí. Àwa la ń gbin ẹ̀gẹ́ jù láyé, ṣé fìríísà ló wá fẹ́ ṣòro?

Lánàá, bàbá tó ń dáko lẹ́yìn ilé wa bi mí pé kí ni wọ́n rí nínú Ọkọ Ìyàwó. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ní 2022, wọ́n rí àyípadà kékeré kan níbi tí igi yẹn ti ń ṣe àdàkọ DNA ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n gbà pé kì í jẹ́ kí àrùn ráyè.

Wọ́n ní, "Ta ló rí i?"

Mo ní àwọn kan ní Switzerland àti Amẹ́ríkà.

Wọ́n wò mí títí. "Ìwọ ńkọ́?"